Ojú mi máa ń ṣú tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, pósítìnnì sì ti dé: kí ni ọmọ nọ́ọ̀sì lè ṣe kó má bàa dákú?

Àbẹ̀ní_ỌdúnKìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún kìíní ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. A ti parí PTS, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ inú kíláàsì, wọ́n sì ti lẹ ìwé pósítìnnì wa, ìyẹn ibi tí kálukú ti máa lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, mọ́ ara ògiri: wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ló kàn mí, lẹ́yìn rẹ̀ tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni ìṣòro mi. Tí wọ́n bá ti ṣí ojú egbò, tàbí tí abẹ́rẹ́ bá ń wọ iṣan, ooru á kọ́kọ́ mú mi, màá máa yán léraléra, òógùn tútù á bò mí, etí á máa hó, ojú á wá ṣú. Mi ò tíì ṣubú rí, ṣùgbọ́n ó máa ń kù díẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó ṣeé lò ni mo ń wá, kì í ṣe "á mọ́ ẹ lára" nìkan. Kí ni mo lè ṣe ṣáájú? Kí ni mo lè ṣe lójú ẹsẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀? Tó bá jẹ́ èmi gan-an ni abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n máa mí kanlẹ̀ kí n dẹ ara, ẹlòmíràn ní kí n máa fín sípíríìtì símú. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ẹ ṣeun o.

Ẹ̀gbọ́n_Kásúátì

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àmì pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ. Gbogbo ohun tí o tò sílẹ̀ yẹn, láti orí yíyán dé orí ojú tó ń ṣú, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dín kù nínú ọpọlọ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí tí o bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wàá mọ èyí tó yẹ kí o mú nínú ìmọ̀ràn àwọn èèyàn.

Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò tàbí ibi gíga, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gòkè, á sì wà lókè bẹ́ẹ̀. Irú wọn kì í sábà dákú. Ẹ̀jẹ̀, egbò àti abẹ́rẹ́ yàtọ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni ara ń yí padà. Ìfúnpá àti lílù ọkàn á kọ́kọ́ gòkè, ìyẹn ni ooru tó ń mú ọ. Lẹ́yìn náà ni iṣan kan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ wá sí àyà, tí wọ́n ń pè ní vagus nínú ìwé wa, á dín lílù ọkàn kù, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ àti ikùn á sì gbòòrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sísàlẹ̀. Tí o bá wà lóòró, kò ní sí èyí tó máa dé orí bó ṣe yẹ. Tí ara bá ti nà sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ á padà sórí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dákú báyìí fi sábà máa ń lajú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó máa ń bá ìdílé rìn pẹ̀lú. Bi ìyá àti bàbá rẹ léèrè, ó ṣeé ṣe kí o gbọ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí kì í lè wo adìẹ tí wọ́n ń pa.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé kí o dẹ ara, ẹni tó ń gbọ̀n nítorí ìdánwò ni kó mú un. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ kí o tètè ṣubú, torí pé dídẹ ara ń fa ìfúnpá wálẹ̀, tìrẹ sì ti ń wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni o nílò: kí o fún ara le. Lars-Göran Öst, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè Sweden, ló kọ́kọ́ gbé ìlànà yìí jáde ní kíkún pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ ní 1987, òun náà la ṣì ń lò títí dòní.

Jókòó sórí àga. Di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì, kí o fún apá, ikùn, ìdí àti itan le pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú rẹ á fi móoru. Ooru ojú yẹn ni ẹ̀rí pé ìfúnpá ti gòkè. Wá tú ara sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ṣùgbọ́n má tú u kanlẹ̀. Ibi tí ara wà kí o tó bẹ̀rẹ̀ ni kí o dá a padà sí. Ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra. Bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn ṣe jẹ́, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni kí o máa ṣe é fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí o tó dé wọ́ọ̀dù, kí ara lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé o ń ronú sí i. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá ní yàrá tí ẹ ti ń kọ́ iṣẹ́, wọn ara rẹ kí o tó ṣe é, kí ọ̀rẹ́ rẹ tún wọ̀n ọ́ bí o ṣe ń fún itan le. Wàá fi ojú ara rẹ rí i pé nọ́ńbà òkè gbéra.

Àwọn tó ń ṣe é tí kò ṣiṣẹ́, ohun mẹ́ta ni mo máa ń rí. Wọ́n ń sé èémí: máa kà á sókè, "ení, èjì, ẹ̀ta", ẹni tó ń kà kò lè sé èémí. Wọ́n ń fún ọrùn àti eyín pọ̀: orí fífọ́ nìkan ni wọ́n máa gbà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n dúró dìgbà tí ojú ti ṣú. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Yíyán àkọ́kọ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Tí ìfúnpá ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá máa ń ga, tàbí tó lóyún, tàbí tó ní àìsàn ọkàn, kó bi dókítà ná.

Ẹ̀gbọ́n_Kásúátì

Mo gbàgbé ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tàbí ló ń gún abẹ́rẹ́, má fún apá le rárá, ọwọ́ á gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ni kí o lò: fi ẹsẹ̀ kan dábùú èkejì níbi tí o dúró sí, fún itan méjèèjì mọ́ra, kí o sì fún ìdí le. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù. Ó tún sàn jù kí o fa àga kékeré kan wá kí o jókòó. Ẹni tó jókòó kò jìnnà sílẹ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì bá iṣan dọ́gba.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, gbé àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí wá sí ibi tí ọwọ́ rẹ lè tó láìdìde. Tí ojú bá wá fẹ́ ṣú nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aláìsàn, bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra ni pé: kọ́kọ́ tú rọ́bà tí o fi so apá, fa abẹ́rẹ́ jáde, gbé òwú lé e, sọ fún aláìsàn pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ibí yìí mọ́lẹ̀", ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí, kí o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Má gbìyànjú láti dé e padà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú tó ń wá ihò ìdérí abẹ́rẹ́, ìka ara rẹ̀ ló máa gún. Tí ó bá sì gún ọ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, má fún un, má fi ẹnu fà á, kí o lọ sọ fún Sister, nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù, lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó.

Ohun kan tí àwọn ọmọ ọdún kìíní kì í rò ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ irú B (hepatitis B) tí ẹ̀yin náà máa gbà: ti òní, ti oṣù kan sí i, ti oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ yẹn dáa láti fi dánrawò. Dẹ apá tí wọ́n fẹ́ gún, kí ó má bàa dùn ọ́, kí o fún apá kejì àti ẹsẹ̀ méjèèjì le. Sọ fún ẹni tó ń gún un pé o fẹ́ dùbúlẹ̀ gbà á.

Ọmọ_Tíátà

Mo fẹ́ sọ ti tíátà, torí pé ibẹ̀ ni ọmọ nọ́ọ̀sì ti ń ṣubú jù, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fà á. Ìdúró ni. Ẹni tó dúró lójú kan tó ti orúnkún mọ́lẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀jẹ̀ tó lè tó ìdajì lítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń rọ́ sí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló yẹ kó máa tì í padà sókè, ẹran yẹn kò sì ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò bá mira. Fi ooru kún un, fi ìbòmú kún un, fi iná tó lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́ kún un, kí o wá fi òógbé òru kún un: ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ rárá lè lulẹ̀.

Jẹun. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni kì í jẹun kí wọ́n tó wọ tíátà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bì. Inú òfìfo ló ń jẹ́ kó yá jù. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin, ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú. Má jẹ iyán tàbí oúnjẹ tó lọ́ra púpọ̀, torí ikùn tó ń da irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mu odindi píọ̀ wọ́tà kan, ọlọ́rá 50cl yẹn, ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí ẹ tó wọlé. Iye kan náà ni wọ́n máa ń fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ mu kó má bàa dákú. Tọ̀ kí o tó wọṣọ.

Kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ lé ara, lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń rìn yíká yàrá, kí o sọ fún un wẹ́rẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ Sister, ó lè rẹ̀ mí. Tí mo bá ní mo fẹ́ jókòó, màá fẹ̀yìn ti ògiri jókòó sílẹ̀ ni." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó kò sọ, tó wá ṣubú lu tábìlì irinṣẹ́, ó ti sọ aláìsàn kan di méjì, gbogbo irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ti bàjẹ́, wọ́n máa tú tuntun ni. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà tí wọ́n máa pariwo mọ́ ọ. Sọ ọ́ fún wọn síbẹ̀.

Ibi tí o máa dúró sí ṣe pàtàkì. Fi ògiri sẹ́yìn rẹ ní ìṣísẹ̀ kan péré, má dúró láàárín ẹ̀rọ oògùn oorun àti ibùsùn, àwọn rọ́bà pọ̀ níbẹ̀. Orúnkún kí ó rọ̀ díẹ̀. Máa gbé gìgísẹ̀ sókè, gbé e sílẹ̀, bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀, fún itan àti ìdí le bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́. Bí kò bá lọ láàárín ìgbà mẹ́ta, sọ ọ̀rọ̀ rẹ, fà *sẹ́yìn*, kì í ṣe síwájú, fi ẹ̀yìn yọ́ lára ògiri títí ìdí fi kanlẹ̀, gbé orúnkún sókè kí o sì tẹ orí wálẹ̀. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, dùbúlẹ̀ pátápátá. Má sáré jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìrìn yẹn gan-an ló ń parí rẹ̀, orí sìmẹ́ńtì lo máa ṣubú sí níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ọ́.

Ka iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ohun tó bá ọ lójijì ló ń mì ọ́ jù. Ẹ̀rọ oníná tó ń dí ojú iṣan máa ń rú èéfín, òórùn rẹ̀ dà bí ẹran tí iná jó. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ, tí wọ́n bá ti la ilé ọmọ, omi á ya púú, á sì pọ̀, ariwo ẹ̀rọ tó ń fà á á gba gbogbo yàrá. Tí o bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ara kò ní já. Má sì kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́. Irinṣẹ́ lórí tábìlì ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o máa pe orúkọ wọn nínú, lẹ́yìn náà aṣọ tí wọ́n fi bo aláìsàn, lẹ́yìn náà ọwọ́ dókítà, kí ojú tó dé ibi tí wọ́n là.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, tọrọ iṣẹ́. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o máa kọ iye gọ́ọ̀sì sí ara pátákó, tàbí kí o máa wọn èyí tó ti rin. Gíráàmù kan lórí òṣùwọ̀n jẹ́ mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan: wọn èyí tó rin, yọ ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó gbẹ kúrò, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí o ń wọ̀n ti di nọ́ńbà tí dókítà tó ń fi oògùn sun aláìsàn ń dúró dè, ojú tí o fi ń wò ó á yí padà.

Àbẹ̀ní_ỌdúnKìíní

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń ṣe ti fífún ara le láti àná. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ti òórùn kún un. Wọ́n ní àwọn egbò àtọ̀gbẹ wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Àti òkú. Wọ́n ní àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń bá wọn tọ́jú òkú kí wọ́n tó gbé e lọ sí mọ́ṣúárì.

Olùtọ́jú_Egbò

Òórùn kì í sábà mú èèyàn dákú, èébì ló ń gbé wá, ọ̀nà tí à ń gbà kojú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Mọ èyí nípa imú: ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló le jù. Tí o bá dúró, imú á mọ́ ọn lára, òórùn náà á dín kù láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lójú egbò. Ẹni tó ń jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn tó tún ń wọlé, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ṣètò gbogbo nǹkan kí o má bàa nílò láti jáde. Gọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ tó móoru díẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjì méjì, bándéèjì, pílásítà tí o ti gé sílẹ̀, àti ọ̀rá ìdọ̀tí tí ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ. Ṣí fèrèsé. Dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń gba ẹ̀yìn rẹ lọ, má sì tẹ orí lé egbò.

Da omi iyọ̀ sórí bándéèjì àtijọ́ kí o fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Èyí tó gbẹ mọ́ egbò tí wọ́n fà tu lójijì, ẹ̀jẹ̀ ló ń mú jáde, ó ń ro aláìsàn, ó sì ń ba ẹran tuntun jẹ́. Bí o ṣe ń ṣí i, mí *síta* díẹ̀díẹ̀, má fa èémí sínú ní àkókò yẹn. Ká bándéèjì ìdọ̀tí sínú ara rẹ̀, bọ́ ìbọ̀wọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kó di ìdì kan, sọ ọ́ sínú ọ̀rá, kí o so ẹnu ọ̀rá lójú ẹsẹ̀. Ìdajì òórùn inú yàrá ti lọ nìyẹn, torí inú bándéèjì ló pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà máa mí láti ẹnu lábẹ́ ìbòmú, ẹnu tí o là díẹ̀ péré.

Róòbù tàbí àbónikí: èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, lókè ètè, kí o tó wọ ìbòmú, pẹ̀lú ọwọ́ tí o ti fọ̀. Má fi ìbọ̀wọ́ tó ti kan aláìsàn pa á, má jẹ́ kó sún mọ́ ojú. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ó ń la imú rẹ̀, òórùn á wá le sí i. Dán an wò nílé ná.

Jẹ́ kí òórùn yẹn sọ nǹkan fún ọ. Èyí tó ń rà bí òkú ẹran, kòkòrò tí kì í fẹ́ atẹ́gùn ló pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń sun omi aláwọ̀ ewé, tí òórùn rẹ̀ ní adùn díẹ̀ nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas. Kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, sọ fún dókítà, torí oògùn wà tí wọ́n lè kọ fún un tó ń pa òórùn náà láti orísun. Nọ́ọ̀sì tó ń wá irú òórùn tó jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kórìíra rẹ̀.

Tí itọ́ bá ń kún ẹnu rẹ lójijì, èébì ti sún mọ́ ìtòsí. Gbé e mì, tẹ ahọ́n mọ́ àjà ẹnu, gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má tutọ́, má dá imú mú, má sì fajú ro. Nílé wa, títu itọ́ síwájú èèyàn nítorí òórùn rẹ̀, ìwọ̀sí ńlá ni, ojú rẹ sì ni bàbá tàbí ìyá tó nà ẹsẹ̀ sílẹ̀ yẹn ń wò láti mọ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì lè ṣeé gbà. Bá wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó máa tutù sí yín díẹ̀ báyìí." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí síta, ìyẹn gan-an ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Tó bá di dandan kí o jáde, fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bo egbò, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú nǹkan kan", kí o sì padà wá.

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ti sípíríìtì tó béèrè: òwú kékeré inú bébà tí wọ́n fi isopropyl rin, tí a fi ń nu ara kí a tó gún abẹ́rẹ́, fífín in símú ń dín èébì kù ní tòótọ́, wọ́n ń lò ó ní kásúátì, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Gbé e sí bí íǹṣì kan sí imú, fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò gbé ìfúnpá sókè, kò lè dá dídákú dúró. Sípíríìtì inú ìgò aláwọ̀ búlúù, má fín in, májèlé wà nínú rẹ̀.

Mímí kanlẹ̀ lemọ́lemọ́ náà léwu. Ẹni tó ń mí yára tó sì ń mí jìn ń lé gáàsì carbon dioxide jáde jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á sún kì, òòyì á kọ́ ọ sí i, ìka á máa ta á. Mí bó o ṣe máa ń mí.

Kíkọ́ ojú ní láti ní àtẹ̀gùn. Bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò egbò inú ìwé, lórí ìjókòó, pẹ̀lú fífún ara le. Lẹ́yìn náà fídíò tí o pa ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó ní ohùn. Lọ dúró lọ́dọ̀ alápatà. Gún ìka ara rẹ láti wọn ṣúgà. Ní wọ́ọ̀dù, wo bí wọ́n ṣe ń fi dírípù sí, kí o tó wo egbò iṣẹ́ abẹ tó ti gbẹ, kí o tó wo èyí tó ń ṣọyún. Fún ẹ̀rù rẹ ní máàkì láti orí òdo dé mẹ́wàá. Bó bá gun méje, dúró níbẹ̀ títí á fi wá sí mẹ́ta kí o tó kúrò. Ẹni tó sá nígbà tó wà ní méje, ohun tí ọpọlọ rẹ̀ kọ́ ni pé sísá ló gbà á là, ọ̀la á sì le jù. Tí ojú bá ń ṣú, jókòó tàbí dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara bá ti bọ̀ sípò, padà lọ wò ó lọ́jọ́ yẹn kan náà, kódà fún ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dákú: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àga, ẹ tú bẹ́líìtì yúnífọ́ọ̀mù àti ọrùn aṣọ. Ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má fi síbí sí i lẹ́nu, ẹ má gbé e dìde. Tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá jà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wọ́pọ̀, kì í ṣe wárápá. Tó bá jí, kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kó jókòó díẹ̀, kó tó dìde. Ẹni tó dìde kíákíá ń padà ṣubú.

Kí o ṣe àyẹ̀wò PCV, èyí tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, kí pósítìnnì tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí tirẹ̀ kò bá tó 36, tàbí tó ń ṣe nǹkan oṣù tó pọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré kó tó di pé ó rí ti ẹlòmíràn. Ní kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí o dìde. Tí nọ́ńbà òkè bá já tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ rí dókítà. Bákan náà tó bá jẹ́ pé o dákú lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí níbi tí o ti ń sáré, tí ọkàn bá kọ́kọ́ ń já ṣìṣì, tí àyà bá ń dùn ọ́, tí ọ̀dọ́ kan bá ti kú lójijì nínú ẹbí, tàbí tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí o jí, o kò mọ ibi tí o wà fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n_Kásúátì

Ó ku ti òkú. Èèyàn méjì ló ń ṣe é, má gbà kí wọ́n fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bani jù ni ohùn: tí ẹ bá yí òkú sí ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró lè jáde kó dún bí ẹni tó kérora. Kò jí. Omi ara náà lè jáde ní ẹnu tàbí nídìí, ẹ tẹ́ ọ̀rá àti aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yí i. Ara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le ní bí wákàtí méjì, láti ẹnu àti ọrùn, ìdí nìyẹn tí a fi ń tètè pa ojú dé, tí a ń fi ehín àtọwọ́dá sí i padà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a ń ti ẹnu pọ̀, tí a sì ń na apá sí ẹ̀gbẹ́.

Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ni o kò lè wò, bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Rẹ aṣọ ìnura sínú omi, fọ ìka kọ̀ọ̀kan, àárín ìka, abẹ́ èékánná, kí o máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, a fẹ́ yí yín sí ọ̀tún." Béèrè lọ́wọ́ ẹbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ bóyá Mùsùlùmí ni, torí àwọn èèyàn tiwọn ló máa wẹ̀ ẹ́, tiyín kò ju kí ẹ yọ dírípù àti rọ́bà ìtọ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Tí ó bá jẹ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá tàbí jàǹbá, ẹ má yọ ohunkóhun lára rẹ̀ títí dókítà á fi sọ. Kọ orúkọ rẹ̀ sára káàdì ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kí ọmọ mọ́ṣúárì tó dé, kí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ jọ kà á sókè kó bá ti inú fáìlì mu.